Rodiat Láàárín Míróko àti Sẹ́lúpà

Obìnrin ò pọ̀ nínú àwọn tó ń ta fóònù ní Agric ní Ìkòròdú nígbà tí Rodiat gba ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Ìlà ṣọ́ọ̀bù náà kọjú sí ibi tí kẹ̀kẹ́ Màrúwá ti ń kó èrò lọ sí Ìgbògbò, ọkùnrin ló sì kún ibẹ̀ bámúbámú. Wọ́n ní ọmọ ẹlẹ́ja láti Ẹ̀pẹ́ ni, pé kí ló mọ̀ nípa fóònù. Rodiat gbálẹ̀, ó to ọjà sínú dígí, ó jókòó tì í. Kí ọdún tó yí po, àwọn ọkùnrin yẹn kan náà ló ń júwe rẹ̀ fún ẹni tó bá ń wá fóònù tuntun tí kì í ṣe àlòkù tí wọ́n tún ṣe. Wọ́n á ní, "Ẹ lọ bá Àǹtí Rodiat. Wọn ò ní parọ́ fún yín."

Kò ní ẹlòmíràn láyé ju Ṣẹ̀rífátù ìyá rẹ̀ àti Dáúdà àbúrò rẹ̀ lọ. Bàbá wọn ti kú nígbà tí Dáúdà ṣì ń rákò. Bí ìyá wọn bá ti jí lọ ra ẹja létí ọ̀sà, Rodiat ni í gbé Dáúdà pọ̀n títí ìyá á fi dé. Bó ṣe ń dàgbà náà ló ń fa ọmọ yìí lọ́wọ́. Nígbà tó kọ́ iṣẹ́ fóònù tán ní Ìkòròdú tó sì fìdí múlẹ̀, ó ránṣẹ́ sí i ní Ẹ̀pẹ́ pé kó máa bọ̀, ó sì kọ́ ọ ní gbogbo ohun tó mọ̀. Ọmọ náà lẹ́nu. Tó bá ń polówó ọjà, ẹni tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́ á dúró gbọ́ ọ, á sì gbàgbé pé bọ́ọ̀sì ń fi òun sílẹ̀.

Ìgbà tí kọ́ńpìnnì fóònù méjì dé sí Agric ni ọ̀nà wọn yà. Ọ̀kan ń jẹ́ Míróko, èkejì ń jẹ́ Sẹ́lúpà, òkè òkun ni àwọn méjèèjì ti wá. Sẹ́lúpà kun ṣọ́ọ̀bù Rodiat ní àwọ̀ ewé, ó di aṣojú wọn. Míróko ní tiwọn mú Dáúdà, wọ́n wọ̀ ọ́ ní ẹ̀wù pupa, wọ́n sì fa ẹ̀rọ gbohùngbohùn lé e lọ́wọ́. Rodiat ò bínú. Ó ní ọjà lọjà ń jẹ́, kí kálukú ṣáà máa rí jẹ. Láyé ìgbà yẹn, bí Dáúdà bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á gbé gbohùngbohùn sẹ́nu, á ní, "Ẹ̀yin oníbàárà, ẹ má wolé aláwọ̀ ewé yẹn o. Ẹni tó ni ín arẹwà ni, àmọ́ fóònù rẹ̀ ò dáa." Gbogbo ọjà á bú sẹ́rìn-ín, Rodiat náà á rẹ́rìn-ín.

Ohun tó ba ẹ̀rín náà jẹ́ kò ju bí fóònù ṣe ń gba iná lọ. Sẹ́lúpà gbé irú kan jáde tí ó máa ń gba iná ní wàràwàrà. Bí iná ìjọba bá yọjú tó sì tún lọ, fóònù náà á ti kún. Ìyá alákàrà tó bá ki fóònù rẹ̀ bọ iná nígbà tó ń gbé epo kaná, kó tó kó àkàrà àkọ́kọ́ jáde, ó ti tó yọ. Ọjà náà tà débi pé àwọn èèyàn ń dúró de Rodiat kó tó ṣílẹ̀kùn. Míróko náà ní irú rẹ̀, wọ́n sì fárígá pé àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ronú kàn án. Wọ́n ní àwọn ní pátẹ́ǹtì lórí rẹ̀, ìyẹn ẹ̀tọ́ tí ìjọba máa ń fún ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣàwárí nǹkan, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe irú rẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ olúwarẹ̀. Sẹ́lúpà ní irọ́ ni, pé pátẹ́ǹtì tàwọn ló ṣáájú. Wọ́n pe ara wọn lẹ́jọ́ lókè òkun, wọ́n tún gbé ẹjọ́ náà dé kóòtù Èkó.

Ká ní inú kóòtù ni ọ̀rọ̀ náà dúró sí ni, ìbá dára. Ṣùgbọ́n Míróko ní máníjà kan tó ń bójú tó Ìkòròdú, Jọláolúwa lorúkọ rẹ̀, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó máa ń ti ẹ́sítéètì tó ń gbé wakọ̀ wá. Ó pe àwọn ọmọ ẹlẹ́wù pupa jọ, ó ní, "Ẹni tó jí ọgbọ́n èèyàn kó, kí là ń pè é?" Wọ́n ní olè ni. Ó ní, "Ẹni tó wá ń ta ohun tí olè jí ńkọ́?" Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó lọ.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ "olè" ti gba ẹnu gbohùngbohùn. Níwájú ṣọ́ọ̀bù aláwọ̀ ewé kọ̀ọ̀kan ni àwọn ọmọ Míróko ti ń pariwo pé olè ló wà níbí. Ní Ìkòròdú, ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ẹni tí wọ́n bá pariwo olè lé lórí ní gbangba, wọ́n lè lù ú pa lójú ẹsẹ̀. Ọmọ Sẹ́lúpà kan gbá ọmọ Míróko létí, àwọn ẹlẹ́wù pupa fọ́ ìgò mọ́ ọmọ Sẹ́lúpà náà lórí. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ẹlẹ́wù ewé ká ẹlẹ́wù pupa kan mọ́ ẹ̀yìn ibi ìdúró bọ́ọ̀sì, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, wọ́n wọ́ ọ lórí ọ̀dà títí awọ ẹ̀yìn rẹ̀ fi bó. Ọjà dà rú. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà ibòmíràn.

Rodiat pe Dáúdà. Ó gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ nílé, ó ní, "Bọ́ ẹ̀wù yẹn sílẹ̀ ná, kí ìjà yìí rọlẹ̀."

Dáúdà ní, "Tí mo bá bọ́ ọ, Àǹtí, wọ́n á ní torí yín ni. Wọ́n ti ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé èmi ni mo ń ta àṣírí àwọn fún yín."

"Ṣé òótọ́ ni?"

"Ẹ mọ̀ pé kì í ṣe òótọ́."

"Kí ló wá kàn ọ́ níbẹ̀?"

Dáúdà bu òkèlè. Ó jẹun tán, ó fọ ọwọ́, ó dìde. Kò sọ fún un pé àwọn Míróko ń bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀.

Òwúrọ̀ ni wọ́n dé. Òṣìṣẹ́ kóòtù ló ṣáájú, ọlọ́pàá tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni àwọn ẹlẹ́wù pupa wá kún ojú ọ̀nà pẹ̀lú irin àti igi lọ́wọ́. Òṣìṣẹ́ kóòtù ka ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, pé kóòtù ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ta irú fóònù Sẹ́lúpà yẹn mọ́ títí ẹjọ́ á fi parí. Rodiat gbọ́ ọ délẹ̀.

Ó ní, "Mo ti gbọ́ yín, sà. Irú tí ẹ dárúkọ nìyí nínú dígí. Ẹ kó o. Àwọn yòókù ò sí nínú ohun tí ẹ kà."

Òṣìṣẹ́ kóòtù náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Bóyá bó ṣe fẹ́ kó rí gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n dígí ti ń fọ́ ní ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé ti Rodiat. Oríyọmí ló ni ṣọ́ọ̀bù náà, ọkùnrin tó ju Rodiat lọ díẹ̀ lọ́jọ́ orí, tí òun náà ń ta Sẹ́lúpà. Àbúrò rẹ̀ Ìtẹ́olúwa fẹ́ dáàbò bo ọjà, ẹnì kan fi igi gbá dígí tó wà níwájú rẹ̀, àfọ́kù dígí sì wọ̀ ọ́ lójú. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú náà, ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde, ó sì ń bi gbogbo ẹni tó ń kọjá léèrè pé kí ló ṣe òun lójú. Àwọn ọlọ́pàá yìnbọn sókè. Nígbà tí wọ́n rí i pé kò sẹ́ni tó sá, àwọn fúnra wọn fa òṣìṣẹ́ kóòtù wọ mọ́tò, wọ́n lọ.

Yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Rodiat níbi tó ń kó ọjà tuntun sí. Ẹni tí kò bá mọ ibẹ̀ dáadáa ò lè mọ̀ pé ilẹ̀kùn wà níbẹ̀, nítorí aṣọ ló ta bò ó. Dáúdà ló ṣí aṣọ náà. Rodiat dúró síwájú ilẹ̀kùn, ó na apá méjèèjì dí i.

"Àǹtí, ẹ kúrò níbẹ̀," ni Dáúdà wí. Irin tí wọ́n fi ń ká ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù sókè wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Dáúdà, ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ẹ kàn kúrò. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣe yín léṣe."

Ẹlẹ́wù pupa kan tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, "A ti sọ ọ́. Olè kan náà ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò."

Ojú Dáúdà yí padà. Ó gbé irin náà sókè, ó sì là á mọ́ apá ọ̀tún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Rodiat gbọ́ bí egungun ṣe kán kó tó mọ ìrora rẹ̀, ó dún bí igi gbígbẹ. Ó wo apá náà tó rọ̀ dirodiro, ó wo Dáúdà. Dáúdà ò lè wo ojú rẹ̀. Ó ré e kọjá níbi tó ṣubú sí, òun àti àwọn yòókù sì kó ọjà inú yàrá náà tán pátápátá.

Wọ́n di apá náà fún un nílé ìwòsàn. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti sọ fún Oríyọmí pé ojú Ìtẹ́olúwa ti lọ, kò ní padà. Oríyọmí ò sunkún. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, nígbà tó yá ó dìde lọ.

Ohun tó tẹ̀ lé e, Agric ò tíì gbàgbé rẹ̀. Àwọn ẹlẹ́wù ewé jó ṣọ́ọ̀bù Míróko gbogbo tó wà lójú ọ̀nà. Wọ́n fi àdá ṣá ọkùnrin kan tí ẹ̀wù pupa lásán wà lọ́rùn rẹ̀, tó jẹ́ pé ilé ìjọsìn ló ń lọ. Ó kú sójú ọ̀nà. Jọláolúwa máníjà pa fóònù rẹ̀, kò tún sẹ́ni tó rí i ní Ìkòròdú mọ́. Àwọn tó rán níṣẹ́ ló wá ń sá kiri. Dáúdà sá lọ sí Ìbẹ̀ṣẹ̀, ó lọ bẹ Benjamin, apẹja Ìlàjẹ kan tí Rodiat máa ń ta fóònù fún, pé kó fi òun pa mọ́ sínú ahéré tó ń kó àwọ̀n sí.

Ọ̀sán gangan ni Benjamin pe Rodiat. "Àǹtí, wọ́n ti rí i. Wọ́n ti wọ́ ọ lọ sétí omi. Mo rí taya lọ́wọ́ wọn."

Rodiat gun ọ̀kadà. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí: inú rẹ̀ dùn díẹ̀. Apá rẹ̀ tí wọ́n dì ń dùn ún ní gbogbo kòtò tí ọ̀kadà bọ́ sí, bó sì ti ń dùn ún bẹ́ẹ̀ lọkàn rẹ̀ ń sọ pé kí Dáúdà jẹ ìyà rẹ̀. Ó tiẹ̀ sọ fún ọlọ́kadà pé kó rọra. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ibi tí èèyàn ti lè rí ọ̀sà, tó rí bí àwọn èèyàn ṣe pé jọ bìrìbìrì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òsì lu ọkùnrin náà lẹ́yìn pé kó sáré, kó sáré.

Wọ́n ti bọ́ Dáúdà sí ìhòòhò. Orí rẹ̀ là, eyín rẹ̀ iwájú kò sí mọ́, ẹ̀jẹ̀ àti iyanrìn ti lẹ̀ mọ́ ọn lójú. Taya wà lọ́rùn rẹ̀. Oríyọmí ló dúró tì í, kẹ́ẹ̀gì pẹtiróòlù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ti ṣófo. Láítà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó yí wọn ká ń pariwo pé kó ṣáná sí i.

Rodiat la àárín wọn kọjá. Ó wólẹ̀ sórí iyanrìn, ó sì na ara lé àbúrò rẹ̀ lórí, pẹtiróòlù tó wà lára rẹ̀ sì rin híjáàbù rẹ̀ gbingbin.

"Rodiat, dìde," ni Oríyọmí wí.

"Bọ̀ọ̀dá Oríyọmí, ẹ ṣáná."

"Mo ní kí o dìde. Òun ló ṣẹ́ ọ lápá. Àwọn ni wọ́n fọ́ àbúrò mi lójú."

"Mo mọ̀. Mo wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mi ló ń sùn sí kó tó mọ̀ ọ́n rìn. Tí ẹ bá fẹ́ sun ún, ẹ sun wá pọ̀. Ẹ wá lọ sọ fún ìyá wa ní Ẹ̀pẹ́ pé torí bí fóònù ṣe ń gba iná ni."

Ọwọ́ Oríyọmí dúró sójú kan. Àfi bí ọ̀dọ́kùnrin kan ṣe já wá láti ẹ̀yìn pẹ̀lú àdá, tó ní, "Ẹ̀yin ò fẹ́ ṣe é, èmi á ṣe é." Ọrùn Dáúdà ló fojú sùn. Rodiat yí ara dí i, àdá náà sì wọlé sí i ní èjìká òsì, ó jinlẹ̀ débi pé nígbà tí ọmọ náà fà á, kò tètè jáde. Ẹ̀jẹ̀ tú jáde lọ́pọ̀. Ọmọ náà tún gbé àdá sókè.

Oríyọmí ló gbá a mú. Ó ju láítà nù, ó fi orí kan ọmọ náà nímú, ó sì ń lù ú ní àlùbami, ó ń sọ pé, "Ó tó. Mo ní ó tó. Ṣé o ò gbọ́ pé ó tó ni?" Nígbà tí wọ́n fà á kúrò lára rẹ̀, ó jókòó sí etí omi, ó gbé orí sí àárín orúnkún, ó sì sun ẹkún tí kò sun nílé ìwòsàn.

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í túká. Benjamin ti tan ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi rẹ̀. Ó mọ̀ pé kò sí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà gbé Dáúdà kọjá ní Ìkòròdú kó wà láàyè, nítorí náà ó gbé àwọn méjèèjì sínú ọkọ̀, ó fi aṣọ rẹ̀ di èjìká Rodiat pinpin, ó sì kọrí sí Ẹ̀pẹ́ lójú ọ̀sà. Omi ń ru díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì dàpọ̀ mọ́ omi tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀, Benjamin sì ń fi igbá gbọ́n ọn dànù.

Dáúdà la ẹnu rẹ̀ tó wú. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́."

Rodiat ò yíjú. "Má bá mi sọ̀rọ̀."

Ní Ẹ̀pẹ́, Ṣẹ̀rífátù ìyá wọn dé ilé ìwòsàn pẹ̀lú ìpẹ́ ẹja lọ́wọ́ rẹ̀, kò ráyè fọ̀ ọ́. Ó wo Rodiat lórí bẹ́ẹ̀dì kan, ó wo Dáúdà lórí èkejì. Wọ́n ti ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Ó lọ bá Dáúdà, ó gbá a létí lórí ojú tó ti fọ́ yánnayànna náà. Ó tún gbé ọwọ́ sókè, kò lè gbá a mọ́. Ó ṣubú lé e láyà, ó ń ké.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà nígbà tí rédíò sọ ọ́ nínú ìròyìn pé Míróko àti Sẹ́lúpà ti parí ìjà. Sẹ́lúpà á máa san owó díẹ̀ fún Míróko, àwọn méjèèjì á jọ máa lo ọgbọ́n náà, wọ́n sì ti kó gbogbo ẹjọ́ wọn kúrò ní kóòtù níbi gbogbo. Ẹnì kan fi àwòrán rẹ̀ han Rodiat lórí fóònù. Àwọn ọ̀gá méjèèjì di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Rodiat wò ó títí. Ó dá fóònù náà padà fún ẹni tó ni ín, ó ní kí wọ́n bá òun fi nǹkan bo ojú òun, pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù. Lábẹ́ aṣọ náà, èjìká rẹ̀ ń mì, bẹ́ẹ̀ ó ń dùn ún tó bá mì.

Nígbà tí ara Dáúdà le, Rodiat sọ fún un pé kó lọ fa ara rẹ̀ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ìyá wọn ta kò ó.

"Ìwọ lo gbà á lọ́wọ́ iná, Rodiat. Ṣé ìwọ náà lo máa tì í sẹ́wọ̀n?"

"Màmá, mo gbà á lọ́wọ́ iná torí pé iná kì í ṣe ìdájọ́. Mi ò gbà á lọ́wọ́ ohun tó ṣe. Ìtẹ́olúwa ò lójú kan mọ́."

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé o ò lè dárí jì í ni?"

"Mi ò lè sọ ohun tí kò sí nínú mi."

Dáúdà lọ fúnra rẹ̀. Wọ́n ti mú Oríyọmí náà. Nígbà tí wọ́n pe Rodiat sí kóòtù, ó sọ ohun tó rí nípa àwọn méjèèjì láìfi dúdú pe funfun. Ó ní Dáúdà ló ṣẹ́ òun lápá, ó sì ń tọ́ka sí i bó ṣe ń wí i. Ó ní Oríyọmí ló da pẹtiróòlù, òun náà ló sì dá àdá dúró, pé kí adájọ́ má gbàgbé èkejì. Wọ́n rán àwọn méjèèjì lẹ́wọ̀n. Ẹni tó fọ́ dígí sójú Ìtẹ́olúwa àti àwọn tó pa ọkùnrin ojú ọ̀nà yẹn, wọn ò rí wọn mú. Míróko ní Dáúdà kì í ṣe òṣìṣẹ́ àwọn.

Rodiat ò padà sí Agric. Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan sí Ẹ̀pẹ́, nítòsí ọjà ẹja, kò sì gbà kí kọ́ńpìnnì kankan kùn ún. Gbogbo irú fóònù ló ń tà. Ọwọ́ òsì rẹ̀ kì í kọjá àyà mọ́ tó bá gbé e, ọ̀tún sì máa ń dùn ún tí òjò bá fẹ́ rọ̀.

Dáúdà jáde nínú ẹ̀wọ̀n nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ó kọ́kọ́ lọ sí Ìkòròdú, ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìtẹ́olúwa. Ìtẹ́olúwa ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ló wá sí Ẹ̀pẹ́. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ti rù, kò sí eyín níwájú ẹnu rẹ̀, kò sì mọ ibi tó máa gbé ọwọ́ sí. Oníbàárà kan wà níwájú Rodiat. Ó dá oníbàárà náà lóhùn tán, ó di fóònù fún un, ó kí i pé ó dàbọ̀. Lẹ́yìn ìgbà náà ló tó wo ẹnu ọ̀nà.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Rárá, Àǹtí."

Ó fi ẹnu júwe àpótí tó wà ní kọ̀rọ̀ fún un pé kó jókòó. Kò tíì sọ fún un títí dòní pé òun ti dárí jì í, Dáúdà náà ò sì bi í.